Aago Mátírọ́ọ̀nù

Bí ẹ bá rí obìnrin àgbàlagbà kan lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé kúrò, tó gbé ọ̀pá gígùn kan dání, tí abọ́ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀pá náà, tó ń fì í sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí ìgbálẹ̀ kanlẹ̀, ẹ má rò pé orí rẹ̀ ló dàrú. Ìyá Sítáàṣì ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì mọ ohun tó ń wá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ ohun tí a ń gbàdúrà fún lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣe alágbàfọ̀ ní ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá ń gbé. Kọ́là tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde lè dá dúró lórí tábìlì láìsí ọrùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó dájú pé ó ń mu díẹ̀ nínú sítáàṣì tó ń fi sáṣọ, torí pé ẹ̀yìn òun náà kì í tẹ̀. Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn.

Aago ló ń wá. Kì í ṣe aago ọwọ́ o. Aago wúrà kékeré tí wọ́n ń fi píìnì kọ́ sáyà ni, èyí tí olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù, gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí aago náà ti sọnù, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Ìyá Sítáàṣì ti ń jẹ́ olè lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà. Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ. Wúrà tí kò tóbi ju bọ́tìnì kóòtù lọ ló gbé tirẹ̀ lọ. Ó wá fẹ́ kí Mátírọ́ọ̀nù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í mú, kí ikú tó pa ẹnu náà dé. Kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní gba ohun tó dín sí i.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Mátírọ́ọ̀nù kó yunifọ́ọ̀mù mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní aago òun wà láyà ọ̀kan nínú wọn. Ìyá Sítáàṣì ní kò sí aago láyà ìkankan, pé òun kì í ki aṣọ bọ omi láìkọ́kọ́ tú àpò rẹ̀ kí òun sì fọwọ́ pa àyà rẹ̀ wò. Òótọ́ ló sọ. Aṣọ igba ènìyàn ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀, òwú pupa ló sì fi ń sàmì sétí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọdún mẹ́tàdínlógún, ìbọ̀sẹ̀ kan péré ló sọnù, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tó ni ín.

Wọ́n pè é sí yàrá ìjẹun. Wọ́n ní kó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, kó tú àpò rẹ̀ síta lójú àwọn ọmọdébìnrin tó ń fọ aṣọ fún. Òwú pupa jábọ́, abẹ́rẹ́ jábọ́, bisikíìtì tó ti gé jẹ kù díẹ̀ jábọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mátírọ́ọ̀nù wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé títí dòní, Ìyá Sítáàṣì lè kà á lórí láìfo ẹyọ kan: "Mi ò ní pe ọlọ́pàá. Ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni mí. Máa lọ sílé rẹ. Ọjọ́ tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ bá jí, o mọ ilé mi."

Àánú nìyẹn o, àwọn ènìyàn sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò pe ọlọ́pàá fún, adájọ́ wo ni yóò dá a láre? Ó tẹ́ Ìyá Sítáàṣì lọ́rùn kí wọ́n gbé òun lọ sílé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá ju kí wọ́n ṣàánú òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sórí rẹ̀ nìkan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà, ti gba lẹ́tà pé kó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà kejì dé: wọ́n ní àyè ti kún. Ọmọ náà sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó nujú, ó lọ kọ́ iṣẹ́ gíláàsì ojú. "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò mú un," ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọ̀dà kunlé jẹun, ní kó fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó fi lé E lọ́wọ́. Láràárọ̀ ló ń fi lé E lọ́wọ́, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á yọjú wò ó bóyá Ó ti bẹ̀rẹ̀. Títí tí ọkọ náà fi kú, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kó lọ sí apá ibòmíràn nílùú. Ilé àwọn nọ́ọ̀sì dá páro, òrùlé rẹ̀ jìn, wọ́n sì wó o. Ọjọ́ tí Ìyá Sítáàṣì lọ wò ó, bíríkì kan ò sí lórí òmíràn mọ́, koríko ló kù. Ibi tí ilé ìfọṣọ wà, tó ti lo agbára rẹ̀, igbó. Yàrá ìjẹun tí wọ́n ti dójú tì í, igbó. Ó dúró, ó ń wo ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí ilé kékeré tí Mátírọ́ọ̀nù ń dá gbé wà tẹ́lẹ̀, yàrá méjì àti ilé ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan inú ilé yẹn rí. Òfin ni: ọmọ ọ̀dọ̀ Mátírọ́ọ̀nù ló máa ń na aṣọ sí alágbàfọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń gbà á padà. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó yẹ kí wọ́n ti bi Mátírọ́ọ̀nù tipẹ́: nǹkan tí kò sí láyà aṣọ, ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bọ́ aṣọ náà ni yóò wà? Bó bá sì jẹ́ inú ilé yẹn ni aago náà wà, ta ni yóò tún pe obìnrin tí kò wọ ibẹ̀ rí ní olè?

Nígbà tó pé ọdún márùndínláàádọ́rin, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ra àga ìrọ̀gbọ̀kú tó ń nà sẹ́yìn fún un. Ó ní òun ò tíì ṣetán àtijókòó. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ ni kí wọ́n rà fún òun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rò pé àwàdà ni.

"Màmá, ẹ̀rọ táwọn ṣọ́jà ń lò?"

"Àwọn ṣọ́jà ń wá ohun tó máa pa wọ́n. Èmi ń wá èyí tó ti pa mí."

Wọ́n rà á.

Ẹ̀rọ náà le ju áyọ́ọ̀nù lọ. Ohùn ni ó fi ń sọ̀rọ̀, èèyàn á sì fi nǹkan bo etí méjèèjì kó tó gbọ́ ọ dáadáa. Ìṣó máa ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì máa ń han bí ọmọ tó ń purọ́. Páìpù òjé máa ń ké gbọọrọ, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Wúrà kékeré kì í pariwo, àárín ariwo àwọn yòókù ló sì máa ń fara pamọ́ sí. Ó gba sùúrù, Ìyá Sítáàṣì sì ní in.

Wọ́n ti fi wáyà yí ilẹ̀ ilé àwọn nọ́ọ̀sì ká nígbà yẹn, àwọn tó rà á ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ó wá ń kọ́ṣẹ́ ní ibòmíràn: ibi tí ilé iṣẹ́ àbẹ́là wà tẹ́lẹ̀, ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ kan wà, ibi tí ilé tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin wà. Ibi tó gbẹ̀yìn yìí ló ti pàdé Bàbá Awọnlẹ̀, ọkùnrin kan tó ti fi ogójì ọdún wọn ilẹ̀ fún ìjọba, tó sì ti fẹ̀yìn tì. Òun náà gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dání.

"Ìyá, kí lẹ ń wá?"

"Nǹkan tí mi ò jù nù."

"Èmi náà ń wá nǹkan tí mi ò jù nù. A jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá."

"Ẹ gbé tiyín jìnnà sí tèmi ná, bàbá. Wọ́n ń bá ara wọn jà létí mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́yìn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ Ìyá Sítáàṣì dún. Ó gbẹ́lẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ idẹ kan yọ, ó nù ún, ó sì jù ú sápò. Bàbá Awọnlẹ̀ mi orí.

"Ẹ ti pa á."

"Mo pa kí ni?"

"Ẹ̀rí. Ibi tó sùn sí, bó ṣe jìn tó, ohun tó sùn tì í, gbogbo rẹ̀ lẹ ti fà tu yẹn. Ẹ gbọ́ o: ohun tó wà nílẹ̀, ẹlẹ́rìí ni. Ohun tó wà lọ́wọ́, ẹrù lásán ni. Tí ẹ bá ti rí nǹkan, ẹ ká ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi rúlà tì í nínú ihò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ka ìgbésẹ̀ láti igun ilé, ẹ pe ẹnì kan kó wá wò ó. Ìgbà yẹn lẹ tó lè mú un."

Ẹni tó fi òwú pupa sàmì saṣọ igba ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn ò ní kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ra ìwé aláwọ̀ dúdú kan, ó fi rúlà fàlà sí i: ọjọ́, ibi, ìgbésẹ̀, jíjìn, fọ́tò, ẹlẹ́rìí. Láàárín ọdún mẹ́fà, ọ̀rìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún nǹkan ló kọ sínú rẹ̀, bọ́tìnì, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́, àmì ẹ̀yẹ àwọn ọmọ iléèwé. Kò sí ọ̀kan tí kò ní fọ́tò. Kò sí ọ̀kan tí ẹnì kan ò fọwọ́ sí, Bàbá Awọnlẹ̀ ló sì fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù. Òun nìkan ló mọ ohun tí obìnrin náà ń fi gbogbo rẹ̀ kọ́ṣẹ́ dè.

Ní ọdún yìí, ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá sórí ilẹ̀ náà. Ìyá Sítáàṣì lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ hàn án. Ọkùnrin náà ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ìyá, tó bá jẹ́ pé báyìí làwọn òṣìṣẹ́ mi ń kọ nǹkan sílẹ̀, ilé mi ì bá ti pọ̀ ju èyí lọ. Ọjọ́ méjìlá ni mo ní kí katapílà tó wọ ìsàlẹ̀ ọgbà yẹn. Aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá. Tó bá ti di mẹ́wàá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, mi ò fẹ́ kó sí ìjọba lọ́wọ́ nítorí yín."

Bàbá Awọnlẹ̀ mú àwòrán ilé náà tó ti gbó wá. Ó wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri tó kù lójú pópó, ó fi èèkàn mẹ́rin sàmì sí igun mẹ́rin ilé Mátírọ́ọ̀nù, ó fi okùn yí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ká. "Ibi ìfọwọ́ rẹ̀ nìyí," ó ní, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ilé tí kò sí mọ́ tún wà. Ìyá Sítáàṣì dúró lẹ́yìn okùn díẹ̀ kó tó wọlé, bí ẹni tí wọn ò tíì ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Ìṣó, ìṣó, ìdérí ìgò, ìṣó, irin tí wọ́n fi ń di irun orí mú. Gbogbo rẹ̀ ló yà ní fọ́tò.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Bàbá Awọnlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ó ní kó sinmi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Sítáàṣì ní òun ti sinmi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó nìkan lọ.

Ó dé ibi ìfọwọ́. Ẹ̀rọ náà ké gbọọrọ, páìpù òjé. Ó ti gbọ́ ọ níbẹ̀ lánàá, ó ti kọjá lórí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó fì í díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún fì í. Nínú ariwo páìpù náà, ohùn tín-ín-rín kan wà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ṣọ́bìrì kékeré ya koríko, ó fi ọwọ́ kó erùpẹ̀. Igi tó ti jẹrà, èyí tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà. Páìpù. Lábẹ́ páìpù, láàárín pákó méjì tó ti di erùpẹ̀, nǹkan yíyí roboto kan ń dán. Ẹ̀gbin ò lè mú wúrà, kò dà bí orúkọ.

Kò ká ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ bá mi wò ó o. Obìnrin tó ti ya fọ́tò ìdérí ìgò, tó ti ka ìgbésẹ̀ fún bọ́tìnì ṣòkòtò! Ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó mú un, ó fà á jáde, ó fi eteetí aṣọ rẹ̀ nù ún títí tí lẹ́tà mẹ́ta tí bàbá Mátírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀ fi yọ. Ó fi sẹ́nu, ó fi ẹnu kò ó. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tó mọ̀ Ọ́n sí. Lẹ́yìn náà ó dìde, pẹ̀lú orúnkún ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sáré lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì.

"Mo rí i! Mo rí i!"

"Ẹ kú oríire, ìyá! Ó mà rẹwà o. Aago mẹ́wàá ti lù."

Ojú ọ̀nà ilé ló wà tí katapílà fi wọ ìsàlẹ̀ ọgbà. Ilẹ̀ apá òkè ti parí ṣáájú àkókò tí wọ́n dá, ọ̀gá náà ò sì rí ìdí tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ máa jókòó nígbà tí obìnrin náà ti rí ohun tó ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Awọnlẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Bàbá, mo rí i!"

"Ẹ rí i? Ẹ rí i! Olúwa ṣeun! Níbo?"

"Lábẹ́ ibi ìfọwọ́ rẹ̀, níbi tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gẹ́lẹ́. Láàárín pákó, lábẹ́ páìpù."

"Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó wà nínú ihò."

Ìyá Sítáàṣì wo aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ yín."

"Èyí tó wà nínú ihò."

"Mo fà á yọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti dín kù. "Bàbá, mo kàn rí i tó ń dán ni. Mo fà á yọ."

Bàbá Awọnlẹ̀ ní kí àwọn jọ lọ láàárọ̀, ó kéré tán ihò náà á ṣì wà. Wọ́n lọ. Kò sí ihò, kò sí èèkàn, kò sí okùn. Ibi tí ilé Mátírọ́ọ̀nù wà ti di kòtò kan tó jìn ju ọkùnrin méjì lọ, wọ́n sì ti ń to irin sínú rẹ̀ láti da kọnkéré lé e.

Ìyá Sítáàṣì ṣí ìwé dúdú náà. Ó ti kọ ọjọ́, ó ti kọ ibi, ó ti kọ ìgbésẹ̀. Ó na bírò sí Bàbá Awọnlẹ̀.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Ọkùnrin náà wo bírò náà. "Ìyá, mo gbà yín gbọ́."

"Mo ní kí ẹ fọwọ́ sí i."

"Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, màá sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Màá sọ pé ẹ kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ síbí ni 'ẹlẹ́rìí', mi ò sì sí níbẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀, mi ò fọwọ́ sí ilẹ̀ tí mi ò fojú rí rí."

"Ọ̀rẹ́ ni mo pè yín, àṣé awọnlẹ̀ lásán ni yín."

Ó dun ọkùnrin náà, ó hàn lójú rẹ̀. "Ẹ má gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Tí ẹ bá gbé e lọ báyìí, ẹ̀rí tí wọ́n wá tì lọ́jọ́sí lẹ fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́ yẹn."

Ṣùgbọ́n Ìyá Sítáàṣì ti gbọ́ látìgbà èwe rẹ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó gbà á gbọ́. Òwe náà ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí òtítọ́ bá bá a tán.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi mọ́tò gbé e lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mátírọ́ọ̀nù ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó wà lórí àga létí fèrèsé, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí orúnkún rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ṣì já geere. Ọmọ Mátírọ́ọ̀nù ọkùnrin, tí òun náà ti lé lọ́gọ́ta, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn; ọmọ Ìyá Sítáàṣì dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ìyá Sítáàṣì tú áńkáṣíìfù funfun tó ti fi sítáàṣì sí, ó gbé e síwájú arúgbó náà.

Mátírọ́ọ̀nù gbé aago náà. Ó yí i padà, ó fi ìka wá lẹ́tà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Aago bàbá mi," ó ní. Ó wá gbójú sókè, ojú náà sì rọ̀. "Alágbàfọ̀, o káre. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n o káre. Mo mọ̀ pé wàá mú un padà."

"Mi ò mú un padà, mà. Mo wú u nílẹ̀ ni. Inú ilé ìwẹ̀ yín ló wà, lábẹ́ ibi ìfọwọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jẹ́ kó já bọ́ síbẹ̀ láìmọ̀."

"Nínú ilé ìwẹ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibi tí mi ò wọ̀ rí."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí o rí i?"

"Ọlọ́run wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọnù náà," ni Mátírọ́ọ̀nù dáhùn. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú rárá.

Ìyá Sítáàṣì fa ìwé dúdú náà yọ, ó gbé e fún ọmọ Mátírọ́ọ̀nù. Ó fẹ́ kó rí irú ẹni tí òun jẹ́, bí òun ṣe ń ṣe nǹkan òun. Ọkùnrin náà jókòó, ó fara balẹ̀, ó ń ṣí i lójú ewé lójú ewé. Ó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó padà sẹ́yìn, ó tún wá síwájú.

"Ìyá, iṣẹ́ yín mọ́. Mi ò rí irú èyí rí." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Bọ́tìnì ní fọ́tò. Ṣíbí ní fọ́tò. Ìdérí ìgò ní fọ́tò, ó ní ẹlẹ́rìí. Nínú gbogbo nǹkan tó wà níbí, aago màmá mi nìkan ni kò ní?"

"Inú mi ló dùn jù. Mo gbàgbé."

"Ẹ gbàgbé."

"Mo gbàgbé."

Ó pa ìwé náà dé jẹ́ẹ́jẹ́, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ má da ara yín láàmú, ìyá. Ẹlòmíì ì bá ti tà á tipẹ́. Ó gba ìgboyà láti gbé e wá. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ohunkóhun nínú ilé yìí."

"Mo fẹ́ kí ẹ bi mí!" Ìyá Sítáàṣì ti dìde. "Ẹ bi mí! Ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá bi mí!"

"Jókòó, ọmọ mi, jókòó," ni Mátírọ́ọ̀nù ń wí, ó sì na ọwọ́ sí i. "Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́, ó ti pẹ́. Jẹ́ ká gbàdúrà."

Ó di ọwọ́ Ìyá Sítáàṣì mú, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ arúgbó. Ó gbàdúrà. Ó mọ àdúrà gbà, obìnrin náà, ohùn rẹ̀ ṣì dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń yí ọkàn padà. Ó ní kí Ó má ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kí Ó sì gba ìránṣẹ́bìnrin Rẹ̀ yìí bó ṣe jẹ́wọ́ lónìí.

Láyé Ìyá Sítáàṣì, kò tíì sí àdúrà tí kò ṣe Àmín sí. Ó ti ṣe Àmín sí àdúrà àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ti ṣe é sí èyí tí oorun gbé òun àti ẹni tó ń gbà á lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó pa eyín pọ̀. Àdúrà náà ń dúró de Àmín.

"Àmín," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí, láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Wọ́n wọ mọ́tò. Mátírọ́ọ̀nù ti ní kí ọmọ òun bá òun fi píìnì kọ́ aago náà sáyà. Wọ́n rí i láti ojú fèrèsé tó ń juwọ́ sí wọn, ó ń dán lára rẹ̀. Wọ́n kọjá òpópónà méjì kí Ìyá Sítáàṣì tó lanu.

"O ṣe Àmín."

"Màmá, àdúrà ni. Arúgbó ni wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, kí n máa wò wọ́n?"

"Àdúrà pé kí Ọlọ́run má ka olè jíjà sí mi lọ́rùn. O ṣe Àmín sí i."

"Ẹ má bínú. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni."

Iná pupa dá wọn dúró. Ọmọ náà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tó ní gíláàsì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójú, ń fi ìka lu ìdarí mọ́tò. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún wo iwájú.

"Màmá."

"Ẹn."

"Ẹ má bínú o. Ṣé ibẹ̀ lẹ ti rí i lóòótọ́?"

Iná náà di àwọ̀ ewé. Ẹnì kan fun fèrè lẹ́yìn wọn.

Ìyá Sítáàṣì wo ọmọ tó bí. Ó rí i pé ọmọ náà ò bi òun láti fi gún òun lára. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Kì í ṣe òní ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún mi níbí."

"Màmá, mo kàn béèrè ni. Ilé ṣì jìnnà. Màmá!"

"Mo ní yà."

Ọmọ náà yà. Ìyá Sítáàṣì kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọmọ ìkókó ń sùn nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.